Yàrá Tó Kọjú Sí Ilé Dígí

Láti ìgbà tí ìyàwó Baba Onífèrèsé ti kú, ọkùnrin náà kì í bínú mọ́, kì í sì í dunnú. Ó ń jí, ó ń bọ́jú, ó ń lọ sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń fági, ó ń jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀. Bí èèyàn bá kí i, á dáhùn. Bí èèyàn bá dápàárá, á rẹ́rìn-ín níwọ̀nba, kí ẹni tó dá a má baà rò pé òun fi ẹnu ṣòfò. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ń sùn nínú yàrá iwájú, yàrá tí ọmọ rẹ̀ kú sí. Ooru yàrá náà ló pa ọmọ. Òjò ti rọ̀, òjò ti dá, ìgbà ooru tún ti dé. Ohun tó sì mú ọmọ lọ mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ìyá.

Kò sí ohun tó rọrùn tó kó gbé ìyá náà kúrò níbẹ̀, bó bá jẹ́ ìyá tirẹ̀ ni. Á kàn gbé ẹrù rẹ̀, á ní, "Màmá, ó yá, ẹ̀yìn lẹ máa sùn." Ṣùgbọ́n àna ni. A kì í pàṣẹ fún àna. A kì í sọ fún ìyá pé kó kó jáde nínú yàrá tí ọmọ rẹ̀ ti mí kẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí ahọ́n Baba Onífèrèsé, á gbé e mì.

Iṣẹ́ fèrèsé ló fún un lórúkọ. Káfíńtà ni, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀kùn, á ní kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó ní ilẹ̀kùn kò ní làákàyè. Èèyàn ló ń gbà á kọjá, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń gba ojú fèrèsé, afẹ́fẹ́ sì ṣòro í bá ṣòwò ju èèyàn lọ. Òun ló ṣe gbogbo fèrèsé ilé náà nígbà tó gbé ìyàwó. Ó ṣe wọ́n kí wọ́n dojú kọ ara wọn, iwájú sí ẹ̀yìn, kí atẹ́gùn tó bá wọlé má ṣe rí àyè jókòó.

Ilé náà kò gbóná rí láyé ọjọ́un. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ fífẹ̀ wà níwájú rẹ̀, tó gba bẹ́ńṣì kan àti àga méjì. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi, ibẹ̀ ló ti máa ń jókòó tó bá ti ilé ìwé dé, tá bọ́ bàtà, tá na ẹsẹ̀. Igi kan wà létí títì níwájú wọn, òmíràn wà ní òdìkejì, ẹ̀ka àwọn méjèèjì a sì máa pàdé lókè bí ọ̀rẹ́ tó ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń kọjá lọ́sàn-án, abẹ́ wọn ló ń gbà.

Lọ́jọ́ kan, ọ́fíìsì ètò ìlú gbé pátákó ńlá kan sí orígun títì. Àwòrán bí àdúgbò náà yóò ṣe rí ló wà lára rẹ̀: títì tó fẹ̀, tó gún, tó dúdú kirimú, ilé dígí lápá kan, àwọn èèyàn tó ń rìn tẹ̀ríntẹ̀rín. Gbogbo àdúgbò jáde wò ó. Ìyàwó Baba Onífèrèsé náà wò ó títí, ó ní:

"Àwọn tó wà nínú àwòrán yìí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ń làágùn nínú wọn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wọlé.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gé àwọn igi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ààlà sára ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ohun tó bá ti kọjá ààlà gbọ́dọ̀ wó, kí títì lè fẹ̀, kí ojú ilé gbogbo sì dọ́gba. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbogbo ilé ló kọjá ààlà. Katapílà gbá wọn kúrò níkọ̀ọ̀kan, bí onígbàjámọ̀ ṣe ń gé irun tó bo etí. Igi tuntun tí wọ́n ṣèlérí, wọ́n gbìn ín lóòótọ́: ọ̀pá tín-ín-rín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀, nínú ihò tí wọ́n dá sáàárín sìmẹ́ǹtì. Kò rí ilẹ̀ ta gbòǹgbò sí, ó gbẹ. Àwọn èèyàn ń da ìdọ̀tí sínú àwọn ihò náà.

Òfin tún jáde pé ilé alájà tí wọ́n bá kọ́ sójú títì náà gbọ́dọ̀ fi dígí bojú, kí ìlú lè máa dán. Wọ́n kọ́ ọ̀kan sí iwájú ilé Baba Onífèrèsé gan-an. Láàárọ̀, oòrùn ojú ọ̀run á lu ògiri yàrá iwájú, torí kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ tó máa gbà á mú. Tó bá di ọ̀sán, tí oòrùn yẹn bá ti ré kọjá òrùlé, dígí òdìkejì á gbà á, á dá a padà sínú yàrá kan náà. Ẹ̀rọ amúlétutù ilé dígí ń tutù sínú, ó ń da ooru tirẹ̀ sójú títì. Ọ̀dà títì ń mu gbogbo rẹ̀ sínú títí ilẹ̀ fi máa ṣú, á wá máa pọ̀ ọ́ jáde díẹ̀díẹ̀.

"Ìlú ẹlòmíràn, oòrùn kan ni wọ́n ní," ni onígbàjámọ̀ máa ń wí. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lára ilé Baba Onífèrèsé, wọ́n sì ti jọ dàgbà. "Tiwa jẹ́ méjì. Èyí tó jẹ́ ti Ọlọ́run, tó bá yá, á lọ sùn. Tìjọba yìí ni ò mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ."

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé orí fífọ́, Baba Onífèrèsé ra pákó tó dára, ó kan àtíbàbà sókè fèrèsé iwájú. Ó yọ jáde díẹ̀ lójú títì. Ìyàwó rẹ̀ dúró sábẹ́ rẹ̀, ó ní, "Wàá ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún mi padà, díẹ̀díẹ̀." Àwọn èèyàn ọ́fíìsì ètò ìlú dé láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Wọn ò pariwo, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ yọ kọjá ògiri, wọ́n gun àkàbà, wọ́n tú u, wọ́n to pákó rẹ̀ sílẹ̀ fún un lọ́nà tó yẹ ọmọlúàbí. Ó kó pákó náà lọ sẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ ni pákó náà wà nígbà ooru èṣí, lọ́sàn-án ọjọ́ tí iná ò sí, tí fáànù ò yí, tí ìyàwó rẹ̀ ti ilé ìwé dé tó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń fági lẹ́yìnkùlé. Ó pè é pé kó wá jẹun. Ó tún pè é.

Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ò lè gba ooru náà mọ́ ni. Pákó àtíbàbà ni Baba Onífèrèsé fi ṣe pósí. Kò sí pákó mìíràn nílẹ̀ tó gbẹ dáadáa.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ wá fún ìsìnkú, kò padà. Kò sẹ́ni tó ní kó dúró, kò sẹ́ni tó ní kó lọ. Àwọn ọmọ wà ní ìlú òkèèrè, ẹnu wọn kò ju orí fóònù lọ. Ìyá òkú àti ọkọ òkú ló kù nínú ilé. Lálẹ́ ìsìnkú, Baba Onífèrèsé ṣí ilẹ̀kùn yàrá iwájú fún un, torí bẹ́ẹ̀dì ńlá ibẹ̀ ló dára jù nínú ilé, ó ní, "Màmá, ibí ni kẹ́ ẹ máa sùn." Òun kó lọ sí yàrá kékeré ẹ̀yìn tí àwọn ọmọ ń sùn tẹ́lẹ̀. Aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ bọ́ lọ́jọ́ tó kú wà lórí ìṣó lára ògiri. Kò fọwọ́ kàn án. Ìyá náà kò fọwọ́ kàn án.

Báyìí tí ooru tún dé, ó gbìyànjú.

"Màmá, ooru yìí mà pọ̀ o."

"Ooru ni, àna mi. Ẹ kú ìfaradà."

"Mo ní bóyá iwájú yẹn ń gbóná jù fún yín."

"Mo wà dáadáa. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ rí oorun sùn?"

"Mo sùn dáadáa."

Irọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa. Ó gbé àga tó ní ìrọ̀gbọ̀kú sábẹ́ òrùlé ìdí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tí ilẹ̀ ṣì jẹ́ erùpẹ̀, tí igi aládùúgbò sì ń da ẹ̀ka kọjá ọgbà. Ìyá náà wá jókòó, ó bá a ṣa ìṣó tó bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di àkókò tí ìmọ́lẹ̀ dígí ń wọlé, á dìde, á gbọn ìró rẹ̀, á ní, "Ẹ jẹ́ n lọ wo inú ilé." Ohun tó ń lọ wò nínú ilé, Baba Onífèrèsé kò béèrè. Ó gbà pé ọmọ rẹ̀ ló ń lọ bá jókòó.

"Sọ fún un," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Kí n sọ fún àna mi pé kó jáde nínú yàrá ọmọ rẹ̀?"

"Má sọ pé kó jáde. Sọ pé kó wọ ẹ̀yìn."

"O rò pé eré ni mò ń ṣe."

"Èmi náà ò ṣeré. Ìwọ tó o ń bá afẹ́fẹ́ ṣòwò, o ò lè bá ìyá arúgbó kan sọ̀rọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ lo máa ń dúró sí."

Baba Onífèrèsé mú ayùn rẹ̀, ó padà sídìí pákó.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ọmọbìnrin kan wá kan ilẹ̀kùn iwájú. Ó wọ bàtà tó ti ya lẹ́nu, òógùn ti bo ojú rẹ̀, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Káàdì ọ́fíìsì ètò ìlú rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Baba Onífèrèsé wo káàdì náà. Ó mọ àmì ara rẹ̀. Àwọn tó gun àkàbà ní irú rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. A ń wọn ooru inú ilé ní títì kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ bẹ̀ yín kí n fi ẹ̀rọ kékeré kan sí yàrá yín tó kọjú síta."

"Ṣé ẹ̀rọ náà á mú ooru kúrò?"

"Rárá, Bàbá. Ó kàn máa wọ̀n ọ́n ni."

"A ti wọ̀n ọ́n níbí."

Ìyá náà sọ̀rọ̀ láti inú yàrá:

"Àna mi, ẹ jẹ́ kó wọlé. Ọmọ ọlọ́mọ ni, ẹ wò ó bó ṣe ń làágùn."

Ó wọlé. Ó wo ògiri yí ká, ó rí ìṣó kan ṣoṣo, aṣọ sì wà lórí rẹ̀.

"Ṣé mo lè sún aṣọ yìí kúrò díẹ̀?"

Baba Onífèrèsé wo ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ń wò ó. Ọmọbìnrin náà wo àwọn méjèèjì, ó so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ṣàlàyé bó ti mọ. Ó ní àṣìṣe pọ̀ nínú ètò títì náà, ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ ti ń rí i: igi tí wọ́n gé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n wó, ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí títí tí òjò ò fi rí ibi wọlé, dígí. Ó ní wọ́n fẹ́ mọ ibi tó gbóná jù, kí àtúnṣe lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Ìgbà wo?" ni Baba Onífèrèsé bi í.

"Ó máa pẹ́ díẹ̀, sà."

"Hùn."

Kò bínú sí i. Ó wá ìbínú náà nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó bu omi fún ọmọbìnrin náà, ó sì dúró títí ó fi mu ún tán kó lè gba ife.

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà ní òun máa wá mú ẹ̀rọ náà, iná ò sí láti àárọ̀. Atẹ́gùn ò fẹ́. Ilé dígí dúró sí òdìkejì bí àwo ńlá tí wọ́n ń yan nǹkan lórí rẹ̀. Baba Onífèrèsé wà lẹ́yìnkùlé, ó ń kan férémù kan tó jẹ́ ti ilé ẹlòmíràn. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn iwájú. Ó dúró kí Màmá ṣí i. Màmá ò ṣí i. Ó ń pe ẹnì kan nínú yàrá, ohùn rẹ̀ ń fà tìì, orúkọ tó sì ń pè ni orúkọ ọmọ rẹ̀.

Baba Onífèrèsé gbé òòlù sílẹ̀.

Ìyá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì, ìmọ́lẹ̀ dígí sì bo ojú rẹ̀. Ara rẹ̀ gbẹ, kò làágùn mọ́. Ó wo àna rẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ lo ti dé? Bọ́ bàtà rẹ." Ọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọbìnrin ọ́fíìsì, kò kí i, ó padà, ó tẹ̀ ba. Láti ìgbà tó ti fẹ́ ọmọ ìyá yìí, kò tíì fọwọ́ kàn án rí ju kó fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ó gbé e. Ó fúyẹ́ ju pákó lọ.

"Ẹ gbé wọn lọ síbi tó tutù," ni ọmọbìnrin náà wí. "Omi, Bàbá. Omi púpọ̀."

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí àga abẹ́ òrùlé. Ọmọbìnrin náà tú gèlè ìyá náà, ó tú ìró rẹ̀, ó ń fi aṣọ tútù nù ún lọ́rùn àti lábíyá. Onígbàjámọ̀ gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó sáré wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ìgò tó fi ń fọ́n omi sórí àwọn oníbàárà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọn sí ìyá náà lójú. Ó fọ́n, ó fọ́n. Wọ́n bu omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ọmọbìnrin náà ti pe ilé ìwòsàn lórí fóònù, wọ́n sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún un, ó ń ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Baba Onífèrèsé di páálí kan mú, ó ń fẹ́ àna rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò yára, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró.

Nígbà tó ṣe, òógùn yọ níwájú orí ìyá náà. Ó la ojú, ó wo onígbàjámọ̀.

"Kí lò ń fọ́n sí mi lójú? Ṣé o fẹ́ fá irun mi ni?"

"Bí Màmá bá fẹ́," ni onígbàjámọ̀ dáhùn, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ ìyá náà mú. Kì í ṣe ará ilé, kò mọ ohun tí a kì í béèrè. Ó béèrè.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ò jáde nígbà tára yín kọ́kọ́ gbóná? Ẹ̀yìn ibí yìí tutù."

"Ọmọ mi, ilé àna ni mo wà."

"Mo mọ̀, mà. Àmọ́ ooru yẹn..."

"Ṣé mo fẹ́ràn ibẹ̀ ni? Láti ọjọ́ tí mo ti wọ inú yàrá yẹn, n ò sùn. Tí mo bá dijú, mo máa ń rí i. Tí mo bá lajú, ooru." Ó gbé omi mì. "Ṣùgbọ́n àna mi ló ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún mi. Kò fẹ́ kí yàrá ìyàwó rẹ̀ ṣófo. Mo ní bí mo bá jáde níbẹ̀, á rò pé mo ti gbàgbé ọmọ mi. Ibo ni mo tiẹ̀ fẹ́ lọ? Ẹ̀yìn tó ń sùn, kí n lé e jáde níbẹ̀?"

Páálí ọwọ́ Baba Onífèrèsé dúró.

"Màmá," ó ní, "èmi?"

Ìyá náà yí ojú sí i.

"Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ kúrò níbẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Gbogbo ọ̀sán tẹ́ ẹ máa ń dìde lọ síwájú, mo rò pé ẹ̀ ń lọ bá a jókòó ni."

"Mo ń lọ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ yẹn ò jó aṣọ rẹ̀ lára ìṣó. Aṣọ tẹ́ ẹ ní kó wà níbẹ̀."

"Èmi ò ní kó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbé e."

Ewé kan já láti ara igi aládùúgbò, ó balẹ̀ sórí férémù.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí," ni onígbàjámọ̀ wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ọ̀wọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń bù fún ara yín yìí, díẹ̀ ló kù kó sin ẹnì kan."

Baba Onífèrèsé kò bá a wí. Ó dìde, ó mú òòlù onígi rẹ̀, ó wọ inú yàrá iwájú.

Bẹ́ẹ̀dì náà kò lè gba ẹnu ọ̀nà. Inú yàrá yẹn ló ti tò ó pọ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, kò fi ìṣó kan kan sí i. Èèkàn igi ló fi so gbogbo oríkèé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ òun ti so bẹ́ẹ̀dì mọ́ òun lẹ́sẹ̀ kóun má baà sá lọ. Ó kúnlẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀ dígí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá èèkàn jáde níkọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣe é jẹ́jẹ́, kí igi má baà là. Òógùn ń kán láti imú rẹ̀ sórí pákó. Onígbàjámọ̀ wá di ìkangun kejì mú láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Èèkàn tó bá bọ́, wọ́n ń gbé e lọ fún ìyá náà lẹ́yìnkùlé, ó ń kó wọn sínú ìró rẹ̀ lórí ẹsẹ̀, ó ń ṣọ́ wọn kí wọ́n má baà yí dànù.

Ọmọbìnrin náà tú ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ojú rẹ̀ pẹ́. Kò ka ohun tó rí síta, kò sì sẹ́ni tó béèrè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sùn síbí mọ́."

"Kò sẹ́ni tó máa sùn síbẹ̀." Ó gbá èèkàn kan jáde. "Bí mo bá kan àtíbàbà sí fèrèsé yìí lónìí, ṣé wọ́n á tú u?"

Ọmọbìnrin náà fi ẹ̀rọ sínú báàgì, ó fa síìpù rẹ̀.

"Òfin yẹn ò tíì yí padà, sà. Wọ́n á tú u." Ó dúró. "Ṣùgbọ́n màá sọ fún wọn pé ẹ béèrè. Màá sọ ìdí tẹ́ ẹ fi béèrè."

"Sọ fún wọn."

Ó kí wọn pé ó dìgbà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ, níbi tó yẹ kí ibòòji wà.

Kí ọjọ́ tó rọ̀, wọ́n ti tún bẹ́ẹ̀dì tò sínú yàrá ẹ̀yìn. Ó gba gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ tán. Ẹni tó bá fẹ́ dé ojú fèrèsé, orí bẹ́ẹ̀dì ló máa gbà. Màmá ń fa èèkàn lé wọn lọ́wọ́, ó ń sọ pé, "Èyí tó gùn ṣì wà níbí." Aṣọ ara ìṣó, òun ló lọ mú un fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kó má dìde, kò gbọ́. Ó ká a, ó gbé e lé àna rẹ̀ lọ́wọ́. Àna rẹ̀ gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó wò ó, ó dá a padà fún un. Màmá tẹ́ ẹ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Baba Onífèrèsé fi pákó dí fèrèsé iwájú láti inú, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ti ṣe fèrèsé fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò dí ọ̀kan rí. Nígbà tó kan ìṣó tó kẹ́yìn, yàrá náà ṣókùnkùn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Oòrùn méjèèjì ti lọ, ògiri ṣì gbóná bí ara èèyàn. Ó fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀, ó wá mú un kúrò, ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé.

Abẹ́ òrùlé ìdí iṣẹ́ ló tẹ́ ẹní sí fún ara rẹ̀, láàárín èérún pákó. Fèrèsé yàrá ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ lókè orí rẹ̀. Ó gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún nígbà tí ìyá náà yí ẹ̀gbẹ́.

"Àna mi, ṣé ẹ ó lè sùn níbẹ̀ yẹn?"

"Ibí dára, Màmá. Atẹ́gùn ń fẹ́."

"Ó ń fẹ́?"

Ó ronú díẹ̀.

"Kò fẹ́ púpọ̀," ó ní. "Ilẹ̀ náà le."

"Ẹhẹn."

Ojú títì ń dún lápá iwájú, ilé dígí sì ti tan iná rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohùn ìyá náà tún wá láti ojú fèrèsé, ohùn tí Baba Onífèrèsé kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé inú ilé náà.

"Ooru ń mú mi, àna mi. Òùngbẹ sì ń gbẹ mí."

"Ó dára, Màmá."

Ó dìde, ó gbọn èérún pákó kúrò lára, ó lọ bu omi.